Íntránẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ yín: kí ló mú kí ẹ̀yin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ yín máa wọ ibẹ̀?

Olùtọ́jú ìkànnì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ íntránẹ́ẹ̀tì ni mo gbé wá, ìyẹn ìkànnì tí ilé-iṣẹ́ ṣí fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Èmi ni mò ń tọ́jú ti ibi iṣẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Nígbà tí wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá ló kún ojú ewé àkọ́kọ́ bámúbámú. Ọ̀gá àgbà ń bọ àlejò lọ́wọ́, ọ̀gá àgbà ń gba àmì-ẹ̀yẹ, ìkíni ọdún tuntun sì ń bẹ níbẹ̀ títí ọdún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í dé ibẹ̀ àfi ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wo ìwé owó oṣù. Wọ́n á wò ó tán, wọ́n á bá tiwọn lọ. Àwọn aláṣẹ wá ń sọ pé àwọn èèyàn ò fi ọkàn sí ilé-iṣẹ́ mọ́. Èmi ò gbà, torí àwọn èèyàn yìí kan náà ni mò ń bá nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ń jiyàn lórí bí iṣẹ́ ṣe lè yá sí i. Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú wọn, wọn ò ríbi sọ ọ́ ni.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá nǹkan lórí ìkànnì náà. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. "Ìsinmi" ni wọ́n ń tẹ̀ jù lọ, kò sì gbé ohunkóhun jáde fún wọn, torí pé àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ti fún ìwé náà ní àkọlé gígùn kan tó dà bí ti ilé ẹjọ́. A yí i sí "Bí o ṣe lè gba ìsinmi", a fi fọ́ọ̀mù rẹ̀ sábẹ́, a sì kọ orúkọ ẹni tó ń fọwọ́ sí i síbẹ̀. Lẹ́yìn náà la gbé orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe àti nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rí i pé àwọn èèyàn ń wọlé lójoojúmọ́.

Kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà nítòsí Geneva, Tim Berners-Lee kọ àbá kan ní oṣù kẹta ọdún 1989 pé ìmọ̀ ń sọnù níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lò ju nǹkan bí ọdún 2 lọ kí wọ́n tó gba ibòmíràn lọ. Àbá yẹn ló di wẹ́ẹ̀bù tí gbogbo ayé ń lò. Ohun tó sì mú kí àwọn ará CERN fúnra wọn máa ṣí i ni ìwé nọ́ńbà fóònù ibùdó náà tí wọ́n gbé sórí rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ara mi yá gágá, torí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú mi gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n èèyàn lè máa wọlé kó máa jáde kí ọkàn rẹ̀ má sí níbẹ̀. Ohun tó yí nǹkan padà fún wa ni ojú ewé kan tí a pè ní "Béèrè". Òfin rẹ̀ ò pọ̀. Ẹnikẹ́ni lè béèrè ohunkóhun nípa iṣẹ́, ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 5, ẹni tó dáhùn á kọ orúkọ ara rẹ̀. Bí ìdáhùn ò bá tíì sí, kó sọ ọjọ́ tó máa padà wá.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan gidi. Ó wá di òru ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kọ ọ́ pé: "Ìbọ̀wọ́ tuntun tí ẹ kó fún wa ń ya nídìí àtàǹpàkò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé ẹ gbé e wọ̀ wò kí ẹ tó rà á?" Àyà mi já, torí mo mọ̀ pé ọ̀gá tó ń rí sí rírà ọjà kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ọkùnrin náà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wá síbi iṣẹ́ lóru ọjọ́ kejì, ó wọ ìbọ̀wọ́ náà, ó bá wọn gbé irin. Ó ya mọ́ òun náà lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ya fọ́tò rẹ̀ tó fi sábẹ́ ìbéèrè náà, tó kọ ọ́ pé: "Òótọ́ lẹ sọ. A ti dá èyí tó kù padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ lẹ máa dán mẹ́ta wò, èyí tẹ́ ẹ bá mú la máa rà." Lọ́sẹ̀ yẹn ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé, kódà láti ẹ̀ka tí n kò rò pé wọ́n mọ̀ pé ìkànnì wà.

Òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rù

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ní tiwa, ẹnu ọ̀nà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ká máa fi ímeèlì ilé-iṣẹ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń kó ẹrù ò ní ímeèlì ilé-iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà fún wa ń bẹ nínú ọ́fíìsì alábòójútó, bó o bá jókòó síbẹ̀, ó ń wo ohun tó ò ń tẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ. Ta ló máa kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ síbẹ̀?

Wọ́n wá tún un ṣe. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ àti kóòdù tó ń wọlé sórí fóònù la fi ń ṣí i báyìí. Ìwé tó ń fi àkókò iṣẹ́ kálukú hàn ló fà mí wọ ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ara ògiri ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, èèyàn á rin ọ̀nà jíjìn wá kó tó mọ̀ pé wọ́n ti yí tòun padà. Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ bá ẹnìkan pààrọ̀ àkókò, mo máa kọ ọ́ síbẹ̀, ẹni tó bá rọrùn fún á tẹ̀ ẹ́, alábòójútó á fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wa gbé fọ́tò bó ṣe ń to àwọn ẹrù tó lè fọ́ síbẹ̀, àwọn ará ẹ̀ka mìíràn ń lò ó báyìí, wọ́n sì dárúkọ rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ti kọ́ ọ. Ẹ ò rí i bí inú bàbá náà ṣe dùn tó!

Ohun kan tá a jà fún ni pé kí ó má máa dún mọ́ wa lórí ibùsùn. Ẹni tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ìkànnì náà kì í ránṣẹ́ sí i mọ́ àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ewu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣètò irú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fojú fo èyí.

Alábòójútó kan

Mo gbádùn ìtàn ìbọ̀wọ́ yẹn gan-an, torí òdìkejì rẹ̀ lojú mi rí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin kan béèrè lábẹ́ ìròyìn ọ̀gá àgbà pé kí ló dé tí wọ́n fi kún iṣẹ́ wa nígbà tí wọn ò tíì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò àwọn méjì tó lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti pè é sọ́fíìsì, ìbéèrè rẹ̀ sì ti pòórá. Látọjọ́ náà, "ẹ kú oríire" nìkan lẹ máa rí lábẹ́ gbogbo ìròyìn. Iye àwọn tó ń wọlé ò sì dín kù, ìyẹn làwọn ọ̀gá fi ń yangàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n William Kahn kọ ọ́ ní ọdún 1990 pé nǹkan mẹ́ta ló ń mú kí èèyàn gbé gbogbo ara rẹ̀ sínú iṣẹ́: kí iṣẹ́ náà nítumọ̀ lójú rẹ̀, kí ó lè fi ara rẹ̀ hàn láìbẹ̀rù pé wọ́n á fìyà jẹ òun, kí agbára sì ṣẹ́ kù lára rẹ̀. Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n pa lọ́jọ́ yẹn, bó ti wù kí ìkànnì dára tó, kò lè jí i.

Níbi tí mo wà báyìí, èébú àti àṣírí ẹlòmíràn nìkan la lè yọ kúrò, a ó sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù lè fi orúkọ pamọ́. Àwọn ìbéèrè 12 tí Gallup, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí èrò àwọn èèyàn, fi ń wádìí bí òṣìṣẹ́ ṣe fọkàn sí iṣẹ́ náà là ń wò. Ọ̀kan níbẹ̀ dá lórí bóyá èrò rẹ já mọ́ nǹkan níbi iṣẹ́. Èsì ẹ̀ka mi lórí ìyẹn kò dára lọ́dún tó kọjá. Mo gbé e sórí ìkànnì bó ṣe rí, mo sì béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tó yẹ kí n yí padà. Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa! Ìpàdé àárọ̀ tí wọ́n ní kò wúlò, a ti fagi lé e.

Ẹni tí kì í kọ nǹkan

Èmi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sórí ìkànnì wa rí, ṣùgbọ́n mò ń kà á láràárọ̀. Ẹ má ka irú wa mọ́ àwọn tí kò bìkítà. Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń lo ìkànnì, kọ ọ́ ní 2006 pé nínú èèyàn 100 tó wà ní àwùjọ orí ìkànnì, nǹkan bí 90 ló ń kà lásán, 9 ń kọ díẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo ló ń kọ èyí tó pọ̀ jù. Ìdáhùn tí wọ́n fún ẹlòmíràn ni mo kà tí mo fi mọ̀ pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí mò ń lọ báyìí.

Olùtọ́jú ìkànnì

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ alábòójútó yẹn, mo ti ń gbé e lọ bá àwọn aláṣẹ wa. Ẹ̀yin ará ilé ìkẹ́rù, ìbéèrè kan: bí fóònù èèyàn bá sọnù, báwo ló ṣe ń rí kóòdù gbà? Ibẹ̀ ló ti ń dà wá láàmú.

Òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rù

A máa ń lọ bá ẹni tó ń tọ́jú káàdì ìwọlé lẹ́nu géètì. Ó mọ ojú gbogbo wa. Yóò wo káàdì rẹ, yóò tẹ kóòdù tó wà fún ọjọ́ kan jáde fún ọ, ọ́fíìsì á sì ti pa ti fóònù tó sọnù náà kí ọjọ́ yẹn tó parí.