Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra ọkọ̀ ìsáré ayé àtijọ́, kí lojú yín rí?

ỌmọLewisham
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ra MGB GT, ti ọdún 1972, aláwọ̀ ewé. Fọ́tò kan ló fà á. Bàbá mi kàwé ní Leeds láyé ọjọ́un, wọ́n sì ya fọ́tò níwájú irú ọkọ̀ yìí gan-an. Kì í ṣe tiwọn, ti onílé wọn ni. Fọ́tò yẹn wà ní pálọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde títí mo fi dàgbà. Nígbà tí mo wá rí èyí ní £4,800, ọkàn mi ti lọ kí n tó débẹ̀.

Ẹni tó tà á fún mi búra pé kò sí ìpẹtà kankan lára rẹ̀. Kíkùn rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbé jáàkì sábẹ́ rẹ̀. Jáàkì ń gòkè, ọkọ̀ ò gòkè. Mo kàn gbọ́ "kẹ́rẹ́kẹ́", ni jáàkì bá wọ inú irin lọ bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá wọ ẹ̀kọ. Mo fi sukudíráfà họ abẹ́ ilẹ̀kùn. Fíìlà, ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, ni mo bá níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ìròyìn tí wọ́n ká wọnú ihò, lẹ́yìn rẹ̀ òfìfo. Mo jókòó sílẹ̀ nínú gáréèjì, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú ẹ̀ kọjá, níbo lẹ ti rí páàtì, kí lẹ sì kọ́kọ́ dojú kọ?

TọkunbọNiTèmi
Ẹ ra Corolla.

Àjàní504
Àbúrò, ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn yẹn dùn mí wọra. Peugeot 504 Coupé, onílẹ̀kùn méjì, lèmi ní n'Ìbàdàn níbí, ti 1973, ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti rà á. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé "504 kẹ̀? Páàtì rẹ̀ kún ìgboro!" Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe òótọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 1971cc, ìyẹn náà ló wà nínú àwọn 504 tí wọ́n ń tò ní Kaduna láyé ọjọ́un. Písítìn, gásíkẹ́ẹ̀tì, pọ́ọ̀ǹpù omi, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi rà wọ́n tán ní ọjà Ládìpọ̀ l'Ékòó. Ínjẹ́kṣọ̀n tó bá a wá láti ilé, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti yọ ọ́ nù, ó fi kàbúrétọ̀ ti sàlúùnù síbẹ̀, kò sì yọ mí lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n bọ́dì! Pininfarina ní Ítálì ló ṣe bọ́dì Coupé. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí gíláàsì, kò sí iná kan tó bá ti sàlúùnù mu. Iná ẹ̀yìn apá òsì mi ti fọ́ kí n tó rà á. Mo ti wá a dé Gate, dé Ládìpọ̀, dé Òwòdé Onírin. Wọn á gbé èyí tó fọ́ náà yẹ̀ wò, wọn á ní, "Alhaji, èyí kì í ṣe ti 504 o." Nígbà tí mo wá ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn náà, ti wagon ni wọ́n dì fún mi. Ọ̀pá gbọọrọ kan ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wagon pọ̀, ti Coupé sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó di kí n padà sí Èkó.

Mọ́mìTọ́lá
Máágínẹ́ẹ̀tì o! Ẹ dì í sínú aṣọ kó má ha kíkùn, ẹ fi rìn lábẹ́ ilẹ̀kùn àti yíká orí táyà. Ibi tí kò bá ti mú, fíìlà ni. Èmi ò sanwó ọkọ̀ láì ṣe bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ lọ́dọ̀ pásítọ̀ ni mo ti ń rà á.

Kúnlé_Kent
Mọ́mì, ó dáa, àmọ́ kò tó. Mo ti rí èyí tí wọ́n jó páànù tín-ín-rín mọ́ orí ihò, máágínẹ́ẹ̀tì sì mú un gbọin-gbọin. Àfi kéèyàn dọ̀bálẹ̀, kó ti ìka bọ abẹ́.

Lewisham, gbọ́ mi dáadáa. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn MGB kì í ṣe ẹyọ kan. Ti òde wà, ti inú wà, òmíràn tún wà láàárín wọn. Ọkọ̀ yìí ò ní férémù, àwọn irin wọ̀nyẹn ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Wẹ́dà tó bá ní òun á kàn fi páànù bo ti òde, gbé ọkọ̀ rẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, wọn àlàfo tó yí ilẹ̀kùn ká, lókè àti nísàlẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n ti ọkọ̀ náà nísàlẹ̀ níbi tí kò ti ní lè tẹ̀. Èmi ò wọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n fi máa jó tèmi tán, ọkọ̀ ti rọ̀ láàárín, ilẹ̀kùn apá ọ̀tún kò ṣí mọ́. A gé gbogbo rẹ̀, a tún un jó. Owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san.

Ti páàtì, fọkàn balẹ̀. Ó lé ní 500,000 MGB tó jáde láti Abingdon láàárín 1962 sí 1980, ọjà rẹ̀ ò tíì kú. Odindi bọ́dì tuntun gan-an, láti 1988 ni British Motor Heritage ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àgbà_Lafẹnwá
Ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n béèrè. Ṣé o wà lábẹ́ ọkọ̀ náà nígbà tí jáàkì wọlé?

ỌmọLewisham
Rárá sà. Ṣùgbọ́n mo ti na ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́, mo fẹ́ mi sàléńsà wò.

Àgbà_Lafẹnwá
Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹ má ka èyí tí mo fẹ́ sọ sí ìtàn. Ní 1986, èmi àti ọmọkùnrin kan la jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Ó fẹ́ wọ abẹ́ 404 tó wà lórí jáàkì nìkan. Ọ̀gá ní kó fi gẹdú sí i. Ó ní ìṣẹ́jú méjì péré lòun fẹ́ lò. Jáàkì yọ̀. Ọmọ ọdún 17 ni. Ó pariwo ẹ̀ẹ̀kan, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Kó o tó ra páàtì kankan, ra irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ dúró, mẹ́rin. Ibi tí irin ọkọ̀ bá ti nípọn ni kó o gbé e sí, kì í ṣe ibi tó ti jẹrà yẹn.

Mọ́mìTọ́lá
Háà. Ọlọ́run á forí jì í. Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́.

OníZ_Houston
Lónìí ni mo máa ra tèmi. Oṣù méjì ni mo ti ń fi búlọ́ọ̀kù gbé Datsun 280Z mi dúró.

Kúnlé_Kent
BÚLỌ́Ọ̀KÙ? Arákùnrin, jọ̀ọ́, ṣáájú oúnjẹ alẹ́. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́.

Fákọ́redé
Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Oǹdó, kò sẹ́ni tó ń wọ abẹ́ ọkọ̀ láì kí Ògún. Ògún ló ni irin. Ẹ̀yin ti gbàgbé rẹ̀, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ jáàkì.

Díákónì_Bayọ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ páàtì la wá sọ. Èmi fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo gáréèjì mi, ó tó.

Fákọ́redé
Mi ò bá yín jà sà. Ṣùgbọ́n sípánà tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́, ta ló ni ín?

Díákónì_Bayọ̀
Èmi ni mo ni ín, mo ra á ní £3.

Àgbà_Lafẹnwá
Ẹni tó ń kí Ògún, ẹni tó ń pe Jésù, ẹni tó ń ṣe bísímílà, mo bẹ gbogbo yín: irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

OníZ_Houston
Ó ti tó, mo ti ra mẹ́rin, rìsíìtì wà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ sípánà tí Díákónì sọ rán mi létí nǹkan kan. Lewisham, má fi sípánà mìlímítà fọwọ́ kan MGB o! Ọ̀rẹ́ mi kan ní irú ẹ̀ níbí, mo mú àpótí irinṣẹ́ mi lọ láti ràn án lọ́wọ́. Datsun tèmi, mìlímítà ni gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo fi 13 sí orí nọ́ọ̀tì MGB, ó dà bíi pé ó bá a mu. Mo tì í, orí nọ́ọ̀tì di róbótó. Ìdajì íǹṣì ni, 12.7, kò pé 13. Wákàtí mẹ́ta la fi gé nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ojú tì mí gan-an, mo sì ra tuntun fún un.

Bísí_Brixton
Ẹ fi ti bátìrì kún un. MGB ti 1965 lèmi ní, kò ní òrùlé irin. Títí di 1967, pósítífù bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì, kì í ṣe nẹ́gátífù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Rewáyà kan bá mi so rédíò tuntun bó ṣe mọ̀ ọ́n so, èéfín sọ láàárín ẹsẹ̀ mi lójú ọ̀nà Croydon. Ọmọ mi wà nínú ọkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń ṣe wáyà ara mi. Mo tẹ àwòrán wáyà sórí bébà ńlá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíṣìnnì, mo kọ́ ọ bí ẹni kọ́ ábídí.

ỌmọLewisham
Ẹ̀gbọ́n Bísí, ti 1972 ńkọ́?

Bísí_Brixton
Nẹ́gátífù ni tìrẹ. Ṣùgbọ́n bátìrì méjì ló yẹ kó o bá lẹ́yìn ìjókòó, fólítì 6 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wo irin tó gbé wọn dúró, ásíìdì máa ń jẹ ibẹ̀.

Wálé_Alápáàtì
Kúnlé ní páàtì pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́, èwo ló wá dáa níbẹ̀? Láàárín ọdún kan, rótọ̀ mẹ́ta ni mo rà fún ẹ̀rọ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Tuntun gbogbo wọn, inú páálí tó lẹ́wà. Ẹ̀kẹta dákẹ́ sórí afárá. Mo padà sí èyí tó bá ọkọ̀ wá, tó ti lé ní ogójì ọdún, òun ló wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ má ju ohun àtijọ́ nù nítorí pé tuntun ń dán. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ dì í, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀.

Àjàní504
Ẹ ṣeun! Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè "Bẹ́ljíọ̀mù" ní Ládìpọ̀. Èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ òyìnbó sàn ju tuntun tí mi ò mọ bàbá rẹ̀. Kí ẹ sì mú èyí tó bàjẹ́ dání, kẹ́ ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ tó sanwó.

TọkunbọNiTèmi
Corolla òde òní ò ní rótọ̀.

Mọ́mìTọ́lá
Ìwọ, kí ni bàbá rẹ wà nígbà tí o wà lọ́mọdé?

TọkunbọNiTèmi
Ford Capri, mà. Aláwọ̀ ọsàn.

Mọ́mìTọ́lá
Tí wọ́n bá gbé e fún ọ báyìí ńkọ́?

TọkunbọNiTèmi
Màá gbà á, mà.

Ráúfù_Ìlọrin
Ẹ ti dárúkọ Capri! Ní 1991, fáǹbẹ́ẹ̀tì Capri mi já lẹ́yìn Olóoru, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ìyàwó mi bọ́ ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó wọ̀, mo lọ́ ọ, mo so ó yí púlì, a fi wakọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Kúnlé_Kent
Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́? Ìbọ̀sẹ̀? Máìlì mẹ́ta, mo gbà. Kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wálé_Alápáàtì
Ooru ibẹ̀ á ti yọ́ ọ.

Ráúfù_Ìlọrin
Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo dúró tún un so. Mo yọ ọ́ lára dáínámò kó má wúwo, pọ́ọ̀ǹpù omi nìkan ló ń yí. Mo rọra ń lọ ni.

Ìyáwó_Ráúfù
Èmi ni mo ni ìbọ̀sẹ̀ náà. Òótọ́ ni. Kò tíì ra òmíràn fún mi.

Bísí_Brixton
😂😂😂 Bọ̀dá Ráúfù, ọjà ṣì wà ní ṣíṣí!

Kúnlé_Kent
Mo tọrọ àforíjì, ẹ̀gbọ́n. Mo gbà.

ỌmọLewisham
Ẹ̀yin ará, mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo wọn àlàfo ilẹ̀kùn bí Kúnlé ṣe sọ, mo fi bíírò kọ ọ́ sára téèpù lára bọ́dì. Wẹ́dà gé irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápá méjèèjì. Apá òsì burú ju ibi tí jáàkì wọ̀. Páàtì irin jẹ́ £400 àti díẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ £2,100. Ilẹ̀kùn ń pa dé pẹ̀lú ìka kan.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ kọ̀, kò ṣiṣẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí, epo ò débẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Bísí ló sọ fún mi lórí fóònù pé kí n pa ẹnu mọ́ kí n tẹ́tí: pọ́ọ̀ǹpù epo SU tó wà lẹ́yìn yẹ kó máa dún "ta-ta-ta" bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì dákẹ́ bí kàbúrétọ̀ bá kún. Tèmi ò dún rárá. Mo wọ abẹ́ (lórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá!), mo fi ìdí sípánà kàn án jẹ́jẹ́. Ta-ta-ta-ta. Omi bọ́ lójú mi lábẹ́ ibẹ̀.

Bísí_Brixton
Kóńtáàtì inú rẹ̀ ló ti jó. Kíkàn yẹn á gbé ọ dé ilé, kò ní gbé ọ jìnnà. Pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Nígbà tó o bá sì wà níbẹ̀, pààrọ̀ àwọn rọ́bà epo. E10, epo tí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ni epo gbogbogbòò níbí láti 2021, ó máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. E5, tí ẹ́tánọ́ọ̀lù tirẹ̀ kéré, ni kó o máa rà.

Àgbà_Lafẹnwá
O ṣeun, ọmọ mi. Ya fọ́tò níwájú rẹ̀, kó o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ.

ỌmọLewisham
Wọ́n ti kú, sà, ní 2019. Ṣùgbọ́n màmá mi ti ní kí n wọ kóòtù wọn, kí n dúró bí wọ́n ṣe dúró.

Àgbà_Lafẹnwá
Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Fọ́tò náà, a ń retí ẹ̀ o.

Ọmọ_Àjàṣẹ́
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, láti Pọ̀tónóvò. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Alhaji Àjàní, lẹ́yìn ilé mekáníìkì kan ládùúgbò wa, 504 onílẹ̀kùn méjì kan wà tí koríko ti bò. Ẹ́ńjìnnì ti lọ. Mi ò mọ̀ bóyá òun lẹ ń pè ní Coupé.

Àjàní504
Onílẹ̀kùn méjì? Ọ̀rẹ́, jọ̀ọ́, lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọ̀la, gé koríko náà. Apá òsì, lẹ́yìn. Ya á ní fọ́tò kí o má tíì fọwọ́ kàn án.