Omi rédíétọ̀ ti ba ẹ́ńjìnnì mi jẹ́: àtúnṣe ni, àbí pípààrọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀. Omi rédíétọ̀ ọkọ̀ mi ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí i kí ó kán sílẹ̀. Mo ti pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀ àti róbà omi. Mẹkáníìkì yẹ pọ́ǹpù omi wò, ó ní kò jò. Àṣé inú ẹ́ńjìnnì ni omi ń gbà lọ! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, atọ́ka ooru ṣàdédé fò sókè lójú ọ̀nà. Mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kì í tètè sítáàtì mọ́, ó ń gbọ̀n, èéfín funfun sì ń tú jáde. Ọ́ìlì ara ọ̀pá ìwọ̀n ti funfun, ó ń hó bí ọṣẹ.

Mẹkáníìkì mi ní gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì (ìyẹn pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, kí omi àti ọ́ìlì má baà pò pọ̀) ló jó, pé ká fi tuntun sí i, ó parí. Òmíràn ní bí orí ẹ́ńjìnnì bá ti wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní pẹ́ tí yóò tún fi jó. Ó ní kí n kúkú ra ẹ́ńjìnnì àlòkù. Ìyẹn ni kò wọ̀ mí létí, torí ta ló mọ ohun tí òun náà ti fojú rí? Àwọn kan tún dábàá oògùn tó ń dí ihò rédíétọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ dí ọ̀nà omi pẹ̀lú.

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Àyẹ̀wò wo ni kí n ní kí wọ́n ṣe, tí màá fi mọ̀ dájú bóyá ẹ́ńjìnnì yìí ṣì ṣeé tún ṣe? Mo dúpẹ́ ṣáájú o.