Ohun wo ló wà nílé yín tí ẹ kò lè tà, tí ẹ kò sì lè jù nù?

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. A fẹ́ tún òrùlé ilé wa kàn ní Ìbàdàn, gbogbo ohun tó wà lókè àjà ni a sì ní láti kó bọ́ sílẹ̀. Èyí tó tọ́ sí àwọn tí ń ra irin àlòkù ti bá wọn lọ, èyí tó yẹ kó jóná ti jóná, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ẹ̀rọ ìránṣọ Singer ọlọ́wọ́ tí màámi fi tọ́ gbogbo wa, kò sí ẹni tó lè dá owó lé e. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń yí i, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń darí aṣọ, ibi tí ọwọ́ òsì náà máa ń gbà kọjá lára irin dúdú náà sì ti dán débi pé kò ku òdòdó aláwọ̀ wúrà kan ṣoṣo níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni apá kejì ṣì ní tirẹ̀ pé pérépéré. Nínú àpótí kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, a bá abẹ́rẹ́ tó ti dípẹtà, ẹfun tí wọ́n fi ń fa ìlà sára aṣọ, àti bọ́tìnnì aṣọ ilé-ìwé àbúrò mi. Kí ni tiyín? Ẹ má sọ iye tí ó tó fún wa, ẹ sọ ohun tí ó ń mú yín rántí.

Táyé Ìlá
Fọ́tò ni tiwa, kò sì sí ẹni tí yóò fi kọ́bọ̀ rà á. Èkejì mi padà lẹ́yìn wa kí a tó já wa lẹ́nu ọmú, kò sì sí ẹni tó yà á ní fọ́tò nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí mo tó ẹni tí ń dá jókòó sórí àga, màámi mú mi lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ fọ́tò kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Oníṣẹ́ fọ́tò náà kò béèrè ohunkóhun, ó ti mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé mi sí apá ọ̀tún àga, ó yà mí, ó gbé mi sí apá òsì, ó tún yà mí, lẹ́yìn náà ni ó tẹ àwòrán méjèèjì sórí bébà kan ṣoṣo, tí ó fi dà bí ẹni pé èmi àti Kẹ́hìndé jọ jókòó pọ̀. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí ìlà tín-ínrín kan tó sọ̀ kalẹ̀ láàárín, níbi tí àwòrán ẹní tó wà nílẹ̀ kò ti bá ara wọn mu. Àlejò tí kò bá mọ̀ á ní, “Ìbejì yìí mà jọra o!” Màámi á sì dáhùn pé, “Wọ́n jọra púpọ̀.”

Àbẹ̀kẹ́
Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ìtàn Táyé, ẹni tó jókòó tì mí sì ti ń bi mí pé ta ló ṣe mí.

Ọmọ Ìgbómìnà
Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà nílé tiwa náà, àmọ́ ọkùnrin ni èkejì tó lọ. Nítorí náà, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ bùbá àti ṣòkòtò ọkùnrin, kí ó sì dé fìlà fún àwòrán kejì. Ó ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mú un bínú nílé, “bùọ̀dá” ni à ń pè é.

Akin Peckham
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ba ọmọdé lẹ́rù láti máa rí ara rẹ̀ ní méjì lára ògiri?

Táyé Ìlá
Rárá o. Ó dá mi lójú nígbà náà pé ẹni apá òsì kì í ṣe èmi. Bí wọ́n bá fún mi ní súwíìtì, mo máa ń na ọ̀kan sí i kí n tó jẹ tèmi, ẹni tí ó sì ń jẹ èyí tí mo bá fi sílẹ̀ lábẹ́ fọ́tò náà ni bàbá wa. Ọjọ́ tí mo ká wọn mọ́, ariwo tí mo pa kò kéré.

Ìdòwú
Ẹ̀yin tí ẹ ní fọ́tò, ẹ dúpẹ́. Ère ìbejì ni ìyá bàbá mi ní. Wọ́n máa ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi osùn pa á lára, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ ní ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, débi pé nígbà tí mo gbọ́njú, imú àti ẹnu ère náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tí ọwọ́ wọn ti ń lọ tó ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ohun tí mo fi mọ ìyá àgbà nìyẹn, ju ojú tiwọn fúnra wọn lọ. Nígbà tí nǹkan le lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọdún 1986, àbúrò bàbá mi kan gbé e fún alágbàtà kan, owó tó sì gbà kò ju iye táyà ọkọ̀ kan lọ. Táyà náà kò pẹ́ láyé.

Alhaja Ìwó
Kò burú bí ó ti lọ. Ère kọ́ ni a fi ń ṣe ìrántí nílé onígbàgbọ́ òdodo.

Ìdòwú
Ẹ má bínú, Alhaja. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá àgbà yìí ń lọ lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, aṣọ ẹgbẹ́ wọn sì wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú ère náà. Ọmọ wọn tó kú ni wọ́n ń wẹ̀.

Agbẹjọ́rò Ilé
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí sí i, kí ẹlòmíràn má bàa kó sínú wàhálà: òfin tó dá àjọ tí ń rí sí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1979 kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó irú ère bẹ́ẹ̀ jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ. Alágbàtà tó bá wá kan ilẹ̀kùn yín kì í sábà sọ èyí fún yín.

Alhaja Ìwó
Mo gbọ́ ti gbogbo yín, n kò sì yí ohùn padà. Ìyá tèmi náà sin ọmọ. Tẹ̀sùbáà ni wọ́n fi ṣe ìrántí tiwọn. Bàbá wa ló mú un ti Mẹ́kà bọ̀, funfun ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó já tí ẹyọ kan sì sọnù, wọ́n mú ẹyọ kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ náà tó ti kú, pupa foo, wọ́n fi dípò èyí tó sọnù. Bí wọ́n bá ń ka subuhanallahi, tí ọwọ́ wọn bá kan èyí tó pupa, wọ́n á dánu dúró díẹ̀. Ọwọ́ mi ló wà báyìí.

Ìdòwú
Alhaja, ẹ ti bá mi jà tán, ẹ sì tún pa mí lẹ́kún.

Ọmọ Olóko Kòkó
Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rín wá díẹ̀. Ní oko kòkó bàbá àgbà mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oǹdó, àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì kan wà lórí pẹpẹ títí di òní. Òun ni gbogbo oko fi gbọ́ ìròyìn òmìnira ní ọdún 1960, bàbá àgbà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Bàbá Tísà
Ọmọ mi, mo bọ̀wọ̀ fún bàbá yín, ṣùgbọ́n kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wáyà ni ó ń gbé ohùn wọ inú àpótí yẹn láti ilé-iṣẹ́ rediffusion nínú ìlú. Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1935, wọ́n wá ṣí ti Ìbàdàn ní 1939, ẹni tí wọ́n bá sì fa wáyà dé ilé rẹ̀, tí ó ń san owó oṣooṣù, ni ó ń gbọ́ ọ. Kò sí bí ẹ ṣe lè wá ìkànnì mìíràn lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni ẹ óò gbọ́. Ta ló fa wáyà wọ inú igbó kòkó?

Ọmọ Olóko Kòkó
Bàbá àgbà mi kì í purọ́, sà.

Àbẹ̀kẹ́
Kò pọndandan kí ó jẹ́ irọ́. Owó kòkó wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ nígbà náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ rédíò oníbátìrì ni wọ́n fi gbọ́ ìròyìn náà, kí àwọn ọmọ sì ti so ó mọ́ àpótí tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́.

Ọmọ Olóko Kòkó
Mo ti pe ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n ní Òkè-Bọ́là ní Ìbàdàn ni bàbá àgbà ń gbé tẹ́lẹ̀, akọ̀wé ni wọ́n, àpótí náà sì ti dákẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ sí oko. Ìdí tí wọn kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án ni pé inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi owó pamọ́ sí. Rédíò oníbátìrì ti aládùúgbò ni wọ́n fi gbọ́ òmìnira.

Bàbá Tísà
Ó tán.

Ọmọ Olóko Kòkó
Kò tíì tán, sà. Ìyá mi ní tọ́rọ́ àti sísì ṣì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kọ́bọ̀ àtijọ́ tó ní ihò láàárín, tí kò sí ẹni tó rántí pààrọ̀ nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973.

Akin Peckham
Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ohun tí mo gbé wá sí Lọ́ńdọ̀nù, Ìbàdàndùn gan-an, èyí tí wọ́n ya àwọn òpó gbọ̀ngán Mápó sí. Ìyá mi fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára rẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. N kì í wọ̀ ọ́, n kì í fọ̀ ọ́. Inú ọ̀rá ni mo dì í sí kí òórùn aró má bàa lọ, nítorí pé bí mo bá ṣí i lálẹ́ òtútù, ó dà bí ẹni pé ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀yìnkùlé wọlé ni.

Ọmọ Aláró Ìtokú
Ọ̀gbẹ́ni Akin, ẹ gbọ́, ẹ̀ ń ba aṣọ yẹn jẹ́. Aṣọ tí a bá ká sí ojú kan náà lọ́dọọdún, ojú ibi tí a ká a náà ni yóò ti gé bí ẹni fi bíléèdì là á. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá, kí ó má bàa hu èbu, ẹ ká a sórí páìpù tàbí igi tí ẹ ti fi aṣọ funfun wé, kí oòrùn má sì tà sí i.

Akin Peckham
Òórùn rẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Aláró Ìtokú
Òórùn yóò lọ. Ṣé òórùn ni ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọmọ ni, àbí aṣọ?

Àbẹ̀kẹ́
Ọ̀rọ̀ yìí le jù. Èmi wà lẹ́yìn Akin.

Alhaja Ìwó
Kí ó tilẹ̀ wọ̀ ọ́! Ìyá tí ó fi ìyẹ́ adìyẹ ya gbogbo òpó Mápó lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣé inú ọ̀rá ni ó ń yà á sí?

Agbẹjọ́rò Ilé
Télọ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ta ló ni ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn gan-an? Irú ẹ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ ju ilé lọ.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Ibi tó ń dùn mí lẹ fọwọ́ kàn. Àwọn ọmọ ìyàwó kejì ní ilé bàbá ló wà, nítorí náà ohun ẹbí ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní òun ni àkọ́bí, òun fẹ́ gbé e lọ sí Lẹ́kí, kí òun fi gíláàsì lé e lórí bí tábìlì. Èmi tí mo ń ránṣọ títí di àárọ̀ yìí, wọn kò bi mí.

Agbẹjọ́rò Ilé
Nínú àṣà wa, ohun tí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ní, ti àwọn ọmọ inú rẹ̀ ni, kò bá ohun ìní bàbá wọ ìdí-igi, ìyẹn pínpín ogún ní ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan, rárá. Nítorí náà ti àwọn ọmọ ìyàwó kejì ti yanjú. Tẹ̀gbọ́n yín ni kò yanjú.

Bàbá Tísà
Ẹ fún ẹni tí yóò lò ó. Ẹ sì wo nọ́ńbà ara rẹ̀: láti ọdún 1900 ni Singer ti ń fi lẹ́tà síwájú nọ́ńbà.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
F ni, sà.

Bàbá Tísà
A jẹ́ pé Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní 1980. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé wọn kò ṣe é fún gbígbé gíláàsì.

Ìyá Houston
Mo pẹ́ dé. Ọlọ ìyá mi ni mo gbé wá sí Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọmọ ọlọ rẹ̀. Mo fi gèlè wé e sínú àpótí, òun nìkan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo kílò 23 tí wọ́n fún mi tán. Aṣọ́bodè ní kí n ṣí i, ó gbé e, ó gbé e sílẹ̀, ó pe ọ̀gá rẹ̀ wá. Ọ̀gá náà fi ìka ra ojú ọlọ náà, ó fi ìka náà nu ojú. Ata ọdún pípẹ́ wọ̀ ọ́ lójú. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Ọmọ Ìgbómìnà
Irọ́ ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ tún un sọ.

Ìyá Houston
Ọkọ mi wà níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ ìlọta fún mi, mo ní kí ó rà á, n óò máa fi lọ ẹ̀wà. Ata ọbẹ̀ kò kúrò lórí ọlọ.