Ogunléndé ni àbí ìsáǹsá? Èsì lórí "ìwọ̀fà"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìtàn Jámánì béèrè ohun tí a lè pe àgbẹ̀ tí òfin so mọ́ oko olówó ilẹ̀ lẹ́yìn Ogun Ọgbọ̀n Ọdún (1618 sí 1648). Àwọn fúnra wọn dábàá "ìwọ̀fà". Àbúrò kan ní "ẹrú" ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí èyí tí mo gbà nínú méjèèjì.

Owó ni ìwọ̀fà ń sìn lé lórí. Lọ́jọ́ tí owó bá pé, ó di ilé. Àgbẹ̀ Mecklenburg, ní àríwá Jámánì, kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹrú ńkọ́? Àgbẹ̀ yìí nílé, ó ń dá oko tirẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tó bá fi sin olúwa rẹ̀. (Nígbà tó yá, àwọn kan ní Mecklenburg ń ta èèyàn láìta ilẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà àbúrò wa kò jìnnà púpọ̀.)

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní Mecklenburg àti Pomerania tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan bí ìdajì èèyàn, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló kú tàbí tó sá. Abúlé di Wüstung, èyí tí í ṣe "ahoro" wa gẹ́lẹ́. Ilẹ̀ pọ̀, ọwọ́ kò sí. Ẹni tí ogun bá lé dé ọ̀dọ̀ olówó ilẹ̀, á fún un ní ilé ahoro kan, á ní kó má san nǹkan kan fún ọdún mélòó kan, kó ṣáà tún oko ṣe. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tirẹ̀ tó sá lọ bá aládùúgbò, dandan ni kí wọ́n dá a padà! Ẹnì kan náà ni: níbi tó dé, ogunléndé; níbi tó ti kúrò, ìsáǹsá. Nínú "ogunléndé", ogun ló jẹ̀bi. Nínú "ìsáǹsá", ẹni tó sá ni.

"Ìsáǹsá" ni òfin gbè. Ní 1653, àwọn ìjòyè onílẹ̀ Brandenburg, ìpínlẹ̀ Jámánì mìíràn, fọwọ́ sí owó-orí 530,000 thaler (owó fàdákà wọn) fún ọmọ ogun Frederick William tó jẹ́ olórí ibẹ̀, kì í kúkú ṣe àpò tiwọn ló ti jáde. Òun náà gbà pé níbi tí àṣà síso àgbẹ̀ mọ́ oko bá ti wà, àgbẹ̀ tó bá sọ pé olómìnira lòun ni kó mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí wo ni ẹni tí ogun sun ilé rẹ̀ fẹ́ mú wá? Lọ́dún kejì, Mecklenburg kéde pé àgbẹ̀, ìyàwó àtọmọ, ti olúwa wọn ni wọ́n. Wọn kò gbọ́dọ̀ ṣí kúrò tàbí ṣègbéyàwó láìgbàṣẹ. Rọ́ṣíà ti fagi lé gbèdéke ọdún wíwá ìsáǹsá láti 1649.

Àbá mi ni "àsomọ́lẹ̀": ẹni tí a so mọ́ ilẹ̀, tí a sì so mọ́lẹ̀ bí ẹran. Ẹnìkan lè sọ pé Leibeigener, orúkọ tí àwọn ará Jámánì ń pe àgbẹ̀ yìí, kò dárúkọ ilẹ̀, pé ara ló sọ: ẹni tí ara rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Mo gbìyànjú "aláìlára", ó dún bí ẹni tí kò tíì jẹun. Ẹ má sì pe àwọn ìjòyè náà ní "ọmọ onílẹ̀" o, Èkó ni yóò yọ sí èèyàn lọ́kàn.

Bauernlegen ló ṣẹ́ mi kù: kí olówó ilẹ̀ máa da oko àwọn àgbẹ̀ tó sá, tàbí tí ó lé kúrò, pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Mo ní "ìgbókomọ́ko". Ṣé ó dùn lẹ́nu yín?