Ṣé "ìṣòtítọ́-dópin" ni, àbí "àfọkàntán"?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ fáwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn béèrè pé kí la máa pe ìwà Kristẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé òpin nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Àwọn fúnra wọn mú "ìṣòtítọ́-dópin" wá, àbúrò kan sì ní "àṣeparí" ti tó. Kí ẹ̀gbọ́n má bínú, mi ò gba ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ wo ògiri ilé wa níbí ní Iléṣà. Bíríkìlà tó kọ́kọ́ bá wa rẹ́ ilé rẹ́ iwájú, ó dán bíi dígí. Nígbà tó kan ẹ̀yìn táńkì omi, ó ní, "Màmá, kí n má parọ́ fún yín, mi ò ní padà wá mọ́, mo ti rí iṣẹ́ ńlá sí Òṣogbo." Òótọ́ ló sọ, kò padà wá! Tó bá jẹ́ òtítọ́ là ń wá, ta ló tún ṣòtítọ́ jù ú lọ? Ẹnu ni òtítọ́ ń gbé nínú èdè wa. Ẹ so "dópin" mọ́ ọn nídìí, ẹnu náà ló ṣì wà.

Bàbá àgbàlagbà kan ló wá parí rẹ̀. Sátidé la san owó wọn pé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo bá ògiri ẹ̀yìn táńkì tó tutù rinrin, òjò ò sì rọ̀. Bàbá ti wá, wọ́n ti bu omi lé e ká tó jí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, torí síméńtì tó bá yára gbẹ, á lanu. Mo fún wọn lówó ọkọ̀, wọ́n kọ̀ ọ́. "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ rán mi ní ti òní. Ẹni tó rán mi mọ ẹ̀yìn táńkì."

Ní ti "parí": ọmọ kan nínú kíláàsì mi ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ "Ó parí" inú Jòhánù 19:30, ó bú sẹ́kún pé ó ti parí fún Jésù, bí ẹni tí ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ̀. Kò jẹ̀bi, bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Tetelestai ni Gíríìkì rẹ̀, telos ló wà nínú rẹ̀, ibi tí a ní lọ́kàn láti dé. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni Pọ́ọ̀lù lò fún iré ìje rẹ̀ ní 2 Tímótì 4:7.

Pistos gan-an ni wàhálà. Òun la pè ní "olóòótọ́" nínú "ọmọ ọ̀dọ̀ rere àti olóòótọ́", Mátíù 25:21. Ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú pistis, tí í ṣe ìgbàgbọ́. Nínú Gíríìkì, o ò ní gbọ́ ọ̀kan kí o má rántí èkejì. Nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn túmọ̀, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, ìgbàgbọ́ ń gbé ilé tirẹ̀, òótọ́ ń gbé ilé tirẹ̀. (Ẹni tó ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde láti 1843, tó dúró ti iṣẹ́ náà títí dé ibẹ̀, ta ni mo jẹ́ tí mo fẹ́ bá a jà?)

"Àfọkàntán" ni tèmi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ìyá olókòwò ń lò ó. Etí mi kì í ya "tán" inú rẹ̀ kúrò lára "ó ṣe é tán". Ó sì ní àǹfààní kan tí "olóòótọ́" ò ní: èèyàn á fẹ́ bi ọ́ pé, àfọkàntán ta ni?

Ìyẹn ni mo fi ń dá àbúrò wa lóhùn, ẹni tó ní ṣebí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá náà fi ẹ̀rọ tó fi ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ sílẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní 1928, ṣáájú ìsọjí tó bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú wa níbí ní 1930. Ìbéèrè gidi ni. Bíríkìlà wa náà ní òun rí iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ta ló rán an?

Ìjẹ̀ṣà òṣómàaló ni wá, a lórúkọ fún ẹni tó lóṣòó títí wọ́n fi san gbèsè rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà fún ẹni tó lóṣòó ti iṣẹ́ lẹ́yìn tí owó ti wọ àpò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí ìwé ẹ̀gbọ́n tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé.