Ìrètí, ìfòyà àti ohun tí ojú ń rí: ẹ sọ bó ṣe ń rí nídìí iṣẹ́ yín

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, Ọ̀fà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Kwara. Onírètí àti ẹni tó ń fòyà lè dúró níwájú nǹkan kan náà, kí kálukú rí tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí irọ́ má sì sí lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ fi abọ́ mẹ́ta dán an wò. Omi oníyìnyín sínú ọ̀kan, omi gbígbóná tí ọwọ́ gbà sínú èkejì, kí ẹ bu díẹ̀ nínú méjèèjì lú pọ̀ sínú ẹ̀kẹta. Ẹ ki ọwọ́ òsì bọ tútù, ọ̀tún bọ gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá kó méjèèjì bọ ti àárín lẹ́ẹ̀kan náà. Òsì á ní ó gbóná, ọ̀tún á ní ó tutù, bẹ́ẹ̀ omi kan ṣoṣo ni. Ibi tí ọwọ́ ti ń bọ̀ ló fi ń wọn omi. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ kò pẹ́ tó nínú abọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti iṣẹ́ yín, pẹ̀lú iye àti ìgbésẹ̀.

Bíríkìlà, Tankẹ́, Ìlọrin

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́. Nídìí ilé kíkọ́, ìrètí ló ń dá iṣẹ́ dúró jù. Ẹ mú yàrá kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 3.6, tó ga ní mítà 3. Ẹ fi gígùn ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ìlọ́po gíga, ẹ ó rí 43.2. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé kan, ó ku bíi 40. Búlọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án bíi 10 ló ń kún mítà kan níbùú lóròó, ó di 400, kí ẹ fi 20 kún un fún èyí tó máa fọ́. Ibí yìí ni onílé máa ń bá ìṣirò dé tí á sì dúró. Kò ka yanrìn, irin, omi tí a ń rà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, owó àwọn tó ń ru búlọ́ọ̀kù láti ojú títì wọlé, àti àwọn ọjọ́ tí òjò kò ní jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Ilé tó ti parí ló wà lójú rẹ̀.

Dẹ́kìn, ìyẹn àjà kọnkéré, ló léwu jù. Ọjọ́ 21 sí 28 ni òpó máa ń lò lábẹ́ rẹ̀, a ó sì máa fomi rin kọnkéré náà fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Bí òkè bá ti gbẹ, onílé á ní ó ti le, ká yọ òpó ká fi ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Gbígbẹ yàtọ̀ sí líle. Bí a bá yọ ọ́ ní ọjọ́ kẹwàá, dẹ́kìn lè tẹ̀ láàárín, kó sán lábẹ́, tàbí kó wó lé èèyàn lórí.

Ìfòyà náà ń jẹ owó. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé sìmẹ́ǹtì á gbówó lórí á kó gbogbo rẹ̀ jọ nígbà òjò. Kó tó oṣù mẹ́ta, ọ̀rinrin á ti máa jẹ agbára rẹ̀. Èyí tó bá ti di kókó tí kò ṣeé fi ìka fọ́, ẹ má fi mọ ògiri. Ìwọ̀nba tí a ó lò ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ tò ó lórí pákó, kó má kan ògiri.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, Ọ̀fà

Ẹ ṣé, Bàbá Bíríkìlà. Ìwádìí kan tó jáde ní 1994 bá ọ̀rọ̀ yín mu. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Kánádà sọ ọjọ́ tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wọn máa gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní bíi ọjọ́ 34. Wọ́n ní bí gbogbo nǹkan bá dojú rú, á gba bíi 49. Bíi 55 ló gbà. Ìfòyà tí wọ́n ní kí wọ́n fi ṣírò pàápàá kò fòyà tó! Ohun tó fà á ni pé iṣẹ́ tó wà níwájú nìkan là ń wò, a kì í wo iye ọjọ́ tí irú rẹ̀ tó kọjá gbà. Ẹ bi onílé mẹ́ta tó ti kọ́lé ládùúgbò yín kí ẹ tó dá ọjọ́.

Nọ́ọ̀sì, Òmù-Àrán

Ẹ jẹ́ n mú un wá sínú ara. Ìfòyà nìkan tó láti gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹlòmíràn á sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, á yára wọlé, wọ́n á de ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá mọ́ apá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà á ga, á sì gbà pé àìsàn ti dé. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 ná, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní déédéé àyà, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ẹni tó ní ẹ̀rọ nílé, kó ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 7, kó yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó wá àròpín ìyókù. Bó bá tó 135/85, kó gbé ìwé náà lọ bá dókítà. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ní wákàtí wákàtí ń fi ìfòyà bọ́ ìfòyà.

Ṣùgbọ́n onírètí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Orí kò fọ́ ọ, kò rẹ̀ ẹ́, ó ní ara òun dá, ó pa oògùn tì. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn, nítorí náà bí ara ṣe rí lára yín kò lè jẹ́rìí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

Àgbẹ̀, Ajàṣẹ́-Ìpo

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìtọ́jú o. Ti àgbàdo, òjò àkọ́kọ́ ló ń tan onírètí. Òjò á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á gbin gbogbo ilẹ̀, ọ̀dá á tún dé, èyí tó hù á kú. Ẹni tí ọ̀dá ọdún kan kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ á dúró títí di àárín oṣù kẹfà. Àgbàdo tirẹ̀ á yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ tí òjò máa ń dá, orí rẹ̀ á sì ṣófo. Kí ẹ tó gbìn, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ fọwọ́ di erùpẹ̀ ìsàlẹ̀. Bó bá dì pọ̀, omi ti wọlẹ̀. Bó bá tú ká, òkè nìkan ló tutù. Ẹ gbin ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀, èso kan sí ihò kan, sẹ̀ǹtímítà 5 ní jíjìn, 75 láàárín ọ̀wọ́, 25 láàárín ihò, kí ẹ gbin ìyókù lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ méjì. Ibi tí kò bá hù, ẹ tún un gbìn kó tó pé ọjọ́ 10. Bó bá pẹ́ jù, àwọn tó ti ga á ṣíji bò ó, kò sì ní yọ ọmọ tó dáa.