Ilà tí mo kọ sí búrẹ́dì mi ń pa rẹ́ nínú ààrò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ń bẹ́

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń yan búrẹ́dì nílé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń yan búrẹ́dì roboto tí a kì í fi sínú páànù, èyí tí kò ní ju ìyẹ̀fun, omi, iyọ̀ àti yíìsì lọ. Adùn rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ṣe é gbé síwájú àlejò. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ata ni mo fi ń ya ewé sí i lórí. Bí mo bá sì ti fa ọ̀bẹ náà, ìyẹ̀fun tí mo ti pò yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì ká jọ bí aṣọ tí a fi àlùmọ́gàjí tí kò mú gé. Kí ó tó jáde nínú ààrò, ewé ti pa rẹ́, ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì á sì ti bẹ́ nísàlẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ bí òmíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èrò mi ni pé kí ó ga bí Òkè Olósùnta. Ohun tí mo bá nínú ààrò kò ṣe é ròyìn. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Oníyẹ̀fun, Adó-Èkìtì, fèsì pé:

Àbúrò mi, ọ̀bẹ nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ilà àti gbẹ́rẹ́ ni o dà pọ̀. Iṣẹ́ wà lọ́rùn ilà: bí búrẹ́dì bá wọ ààrò gbígbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fẹ̀, yíìsì pàápàá yóò tún máa ṣiṣẹ́ kíákíá títí ooru àárín rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí dígírì 60 tí yóò pa á, afẹ́fẹ́ yìí sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbà. Bí o kò bá lànà fún un, yóò fúnra rẹ̀ lànà níbi tí awọ kò ti lágbára. Gbẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, oge lásán ni, kò gbọdọ̀ jìn ju bí èékánná ṣe nípọn lọ. Ewé tí o ń yà, gbẹ́rẹ́ ni; ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ kò fi kà á sí.

Kọ ojúlówó ilà kan láti orí dé ìdí, kí ó jìn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí ẹyọ kan, kí o sì da abẹ dùbúlẹ̀ díẹ̀ kí etí ilà náà lè gbé sókè nínú ooru. Lẹ́yìn náà ni kí o wá sín gbẹ́rẹ́ ewé rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí abẹ dúró ṣánṣán. Bíléèdì tuntun tí àwọn onígbàjámọ̀ ń lò ni mo ń wí, tí a ti igi súyà bọ ihò àárín rẹ̀. Fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olóólà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ní í ba ojú ọmọ jẹ́.

Bàbá Ìbejì, Ìjerò, fèsì pé:

Òótọ́ ni Ìyá sọ, ṣùgbọ́n abẹ kì í lọ geere lára ohun tó gbóná tó sì rọ̀. Ìyẹ̀fun tí àwọn ará ìlú òtútù ní kí ó wú fún wákàtí méjì lè ti kọjá ààlà ní ilé ìdáná wa kí wákàtí kan ààbọ̀ tó pé. Fi ìka tẹ̀ ẹ́: bí ojú ibẹ̀ bá yára padà, kò tíì tó, bí ó bá rọra ń padà, ó ti tó, bí kò bá padà mọ́, bí o bá kọ ilà sí i, ńṣe ni yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí ó tó dé ibẹ̀ ni kí o gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, awọ rẹ̀ yóò sì le. Lọ́jọ́ tí kò bá sí iná (ẹ má jẹ́ kí n sọ iye ọjọ́ tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ tèmi), kúlà tí mo to píọ̀ wọ́tà dídì yí ká ni mò ń lò.

Ọmọ Ìgbẹ́mọ fèsì pé:

Bí ẹ bá fẹ́ kí gbẹ́rẹ́ hàn, ẹ fi ìyẹ̀fun ìrẹsì pa ojú búrẹ́dì náà kí abẹ tó kàn án. Ti àlìkámà a máa fa omi mọ́ra, a sì máa pọ́n, ṣùgbọ́n ti ìrẹsì yóò funfun títí yóò fi jinná. Ìrẹsì wa níbí ni mo ń lọ̀, tí mo sì ń fi asẹ́ tó kúnná kù. Imọ̀ ọ̀pẹ ni mo máa ń yà: ọ̀pá kan láàárín, ewé ṣóńṣó-ṣóńṣó lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan ń fi lẹ́búlẹ́bú kòkó ya tiwọn. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó máa ń jó, ó sì máa ń korò.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo yan òmíràn láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò bẹ́, imọ̀ ọ̀pẹ sì hàn, ṣùgbọ́n etí ilà náà kò gbé sókè tó, awọ rẹ̀ kò sì dán, bí ẹni tí kò fi òróró para.

Ìyá Oníyẹ̀fun fèsì pé:

Awọ rẹ̀ ti yára gbẹ nìyẹn. Gbé ìkòkò irin tó ní ọmọrí sínú ààrò kí ó gbóná dáadáa, kí o yan búrẹ́dì náà nínú rẹ̀ ní dígírì 230, kí o sì dé e fún ogún ìṣẹ́jú kí oru ara rẹ̀ lè rẹ awọ náà. Lẹ́yìn náà ni kí o ṣí i kí ó lè pọ́n. Ṣọ́ra fún ọmọrí yẹn o. Àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.